Ìkìlọ̀: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ìfọṣọ yín jáde nílé

Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé, pàápàá ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá tún un ṣe. ₦60,000 ló lọ lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ mi, ìyẹn pátákó oníwáyà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, sì bá owó náà lọ. Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju bọ́tìnì aṣọ iléèwé kan àti wáyà kọ́mú lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀rọ wa fọ aṣọ tán, omi kọ̀, kò jáde. Ó dúró pa, ó kọ lẹ́tà méjì kan sójú tí n kò mọ ìtumọ̀ wọn, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ aṣọ àti omi. Mo pe ọ̀gbẹ́ni kan tí ọ̀rẹ́ mi fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ rárá. Orí rẹ̀ ló ṣí, ó gbóòórùn inú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, bọ́ọ̀dù ti jó. Iná NEPA ló bà á jẹ́." Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń fojú wa rí màbo, mo bá gbà á gbọ́. Ó tú bọ́ọ̀dù, ó ní òun ń gbé e lọ bá ọ̀gá òun ní Alaba, kí n san ₦60,000 sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló gbé bọ́ọ̀dù kan wá. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, iná tàn lójú rẹ̀, ó ní ká jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì ká tó fi fọ nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tàn mọ́. Látọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè mi mọ́.

Ọmọbìnrin mi ló ti ya fídíò nígbà tó ń tú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tá a wò ó la rí i pé nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù tiwa yàtọ̀ sí ti èyí tó gbé wá. Tiwa mọ́ tónítóní, kò síbi tó dúdú tàbí tó wú lára rẹ̀. Ó mú alààyè lọ, ó gbé òkú wá.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó mọ iṣẹ́ yìí ló wá ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ níwájú, tó yọ fílítà. Ibẹ̀ ni bọ́tìnì àti wáyà yẹn wà, irun àti òwú wé mọ́ wọn. Ó wá bi mí pé: "Bọ́ọ̀dù tó jó, ṣé ó tún lè gba omi, kó yí aṣọ, kó sì sọ fún yín pé omi kò jáde?" Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù, torí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe é.

Tí LG bá kọ OE, tàbí tí Samsung bá kọ 5E tàbí 5C, omi ni kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ yọ ọ́ nínú iná. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnulẹ̀, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ibẹ̀, omi á pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Rọ́bà tíńrín kan sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fa omi náà. Ẹ wá yí fílítà sápá òsì díẹ̀díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò bóyá nǹkan há mọ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà níbẹ̀. Ẹ dì í padà kó le, kó má jò. Ẹ tún wo rọ́bà ẹ̀yìn tó ń gbé omi dànù, bóyá ó ti ká kò.

Tó bá jẹ́ IE ni LG kọ, tàbí 4E tàbí 4C lójú Samsung, omi ni kò wọlé tó. Àwọ̀n kékeré wà níbi tí rọ́bà omi ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí omi bohóòlù wa máa ń dí i. Bí tánkì yín kò bá ga, agbára omi náà lè má tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo èyí tó ní ihò méjì, ọ̀kan fún fífọ, ọ̀kan fún fífún, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó fẹ́ gbé mọ́tò lọ. Tó bá ń kùn hùn-ùn tí kò yí, kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti yí, ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti mọ́tò rárá. Àwọn kan máa ń gbé mọ́tò oníwáyà kọ́pà lọ, wọ́n á fi ti alumíníọ̀mù dípò rẹ̀. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ ju kọ́pà lọ, ẹ gbé e wò lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹni yòówù kó wá, mo máa ń ya nọ́ńbà ara gbogbo ohun tó bá tú, mo sì ń gba ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ká ra nǹkan, a jọ máa lọ ni. Owó iṣẹ́ di ìgbà tí ẹ̀rọ bá fọ aṣọ lójú mi, tó fún un gbẹ.

Mo ti kó fídíò, ẹ̀rí tiransifá àti àwòrán nọ́ńbà bọ́ọ̀dù méjèèjì lọ fún LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè lọ bá FCCPC ti ìjọba àpapọ̀. Bí ẹni tó wá sílé yín bá ṣí orí ẹ̀rọ láì wo fílítà, tó sì ń di bọ́ọ̀dù sínú báàgì, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.