Àgbéyẹ̀wò pvpanic: tí VM bá kú lóru, ta ni yóò sọ fún mi?

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Sáfà kan ṣoṣo ni mo ní, KVM, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé òmíràn sínú, ló wà lórí ẹ̀, VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mẹ́ta ló sì ń gbé inú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá tó jẹ́ akápò wọn pè mí: "Ọmọ mi, mo ti ń tẹ nǹkan yìí láti ìdájí, kò dá mi lóhùn." Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ n wò ó."

Kì í ṣe pé iná lọ. Mo tẹ virsh list, àṣẹ tó ń to àwọn VM, "running" (ó ń ṣiṣẹ́) ló kọ síwájú VM náà. Ìgbà tí mo ṣí ojú ẹ̀ ni mo rí "Kernel panic" gàdàgbà: kernel, ọkàn ètò inú VM náà, ti dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Àlejò (VM) ti kú sínú yàrá, onílé (sáfà) ṣì ń sọ fáráyé pé ó wà láàyè! Mo tún un tàn, gbogbo ẹ̀rí sì parẹ́. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó pa á, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo fi pvpanic, ohun tó ń jẹ́ kí VM ké sí sáfà bó bá ń kú, sí i. Ìlà kan péré ni nínú XML (fáìlì ètò VM) tí libvirt, alábòójútó àwọn VM, ń kà: panic model='isa'. Ẹ̀rọ kékeré kan ni QEMU, ètò tó ń gbé VM ró, máa fi sínú VM, ní ojú ibùdó 0x505. Bí kernel Linux bá fẹ́ kú, dráífà pvpanic inú rẹ̀ (ètò tó ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀) á kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀. QEMU á gbọ́, á kéde GUEST_PANICKED (àlejò ti kú), libvirt á wá ṣe ohun tí ẹ bá kọ sí on_crash, ìlà tó ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí VM bá kú. Coredump-restart lèmi kọ: kó kó mẹ́mọ́rì VM náà pamọ́ sí /var/lib/libvirt/qemu/dump, lẹ́yìn náà kó jí i dìde.

Mo dán an wò lórí VM tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀: echo c > /proc/sysrq-trigger, àṣẹ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pa kernel. Ọkàn mi ń lù kì-kì. Kí n tó gbójú sókè, ó ti kú, ó ti tún dìde, fáìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4GB, bíi mẹ́mọ́rì ẹ̀, sì ti wà nílẹ̀. Ẹ wá àyè sílẹ̀ lórí dísíìkì o.

Àléébù ẹ̀ ò ṣeé fi pamọ́. Ó ń sọ pé ikú dé, kò sọ ohun tó fà á. Model='hyperv' tí Windows ń lò sàn jù níbí: nọ́ńbà márùn-ún ni Windows máa ń fi lélẹ̀, kóòdù àṣìṣe náà àti mẹ́rin tó ṣàlàyé ẹ̀. Bí VM bá kàn dákú láìsí panic, pvpanic ò ní fọhùn. Watchdog (ẹ̀rọ aṣọ́nà) i6300esb ló ń ṣe ìyẹn. Bí kdump, ètò Linux tó ń kó ẹ̀rí pamọ́ nígbà panic, bá sì wà nínú VM, òun ló máa kọ́kọ́ gbà á, onílé lè má gbọ́ nǹkan kan àfi tí ẹ bá tan crash_kexec_post_notifiers, ètò kernel tó ní kó kọ́kọ́ kéde kí kdump tó gbà á.

Oṣù tó kọjá, VM ìwé owó yẹn tún ṣubú lóru. Nígbà tí màmá máa ṣí i láàárọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi crash, irinṣẹ́ tó ń ka irú fáìlì mẹ́mọ́rì bẹ́ẹ̀, ṣí fáìlì tó fi sílẹ̀: dráífà kan tí mo fi kún un láti ìta ni orúkọ ẹ̀ wà lókè pátápátá. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.