Àkójọ Ìpolówó Fíìmù Fáńpáyà Àtijọ́: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Lẹ́yìn páálí àwo tí wọ́n kó ìpolówó fíìmù fáńpáyà (òkú tó máa ń jí mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn) jọ sí, iye ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà: ìpolówó 40, ìpolówó 60, ìpolówó 100. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn wọ̀ yín lójú. Ìpolówó fíìmù kan, irú èyí tí wọ́n máa ń fi hàn ní sinimá kí fíìmù gan-an tó dé, kì í sábà ju ìṣẹ́jú 2 sí 3 lọ. Tí ẹnì kan bá wá ki 100 irú rẹ̀ sórí àwo DVD kan ṣoṣo tó ń gba 4.7 GB, àfi kó fún àwòrán náà pọ̀ débi tí yóò máa já wẹ́wẹ́ níbi tí nǹkan bá ti ń sáré. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni pé: ríìlì fíìmù ni wọ́n ti kó àwòrán yìí, àbí orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò?

Ọjà yìí kún, ó sì nídìí. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1978, iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé jáde láìkọ àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sí i lára ti di ti gbogbo ayé nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìpolówó fíìmù ló sì jáde láìní àmì náà. Ó wá dà bí ọjà àgbo: kálukú ló ń pò ó, kálukú ló ń tà á, bébà ara ìgò nìkan ló yàtọ̀.

Àwo olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó ti orí ríìlì wá

Èyí tó rọjú jù sábà máa ń jẹ́ DVD-R, tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ṣe. Ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ti DVD-R máa ń fẹ́ jọ elése àlùkò, ti àwo tí wọ́n tẹ̀ níléeṣẹ́ a máa dán bíi fàdákà. Púpọ̀ nínú wọn, orí kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n ti dà á. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò tí iléeṣẹ́ fíìmù Hammer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lókìkí á ti ṣú, á sì máa ṣàn kọjá ẹnu ẹni tó mu ún.

Èyí tó ti orí ríìlì wá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló mọ́. Ríìlì aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Eastmancolor, ti àwọn ọdún 1950 sí 1970 máa ń ṣá. Àwọn àwọ̀ yòókù á lọ, gbogbo àwòrán á wá pọ́n. Ríìlì Technicolor tí wọ́n fi aró tẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, pípọ́n yẹn kò burú tó kásẹ́ẹ̀tì tó ṣú, torí ojú òṣèré ṣì ń hàn kedere. Àkójọ 42nd Street Forever tí iléeṣẹ́ Synapse Films gbé jáde wà ní ìpele yìí, àmọ́ oríṣiríṣi fíìmù ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fáńpáyà nìkan á máa fò síwájú fò sẹ́yìn.

Ẹ ka orúkọ fíìmù tó wà lẹ́yìn páálí dáadáa. Dracula tí Hammer ṣe lọ́dún 1958, Horror of Dracula ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà. Oníṣòwò tó bá kọ méjèèjì ti ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ni Dance of the Vampires àti The Fearless Vampire Killers, fíìmù kan náà ni, ti ọdún 1967. Ti The Brides of Dracula (1960) tún panilẹ́rìn-ín: Dracula fúnra rẹ̀ kò sí nínú fíìmù náà rárá, Christopher Lee tó ṣe Dracula nínú ti 1958 kò sì yọjú. Peter Cushing, tó ṣe Van Helsing tó ń lé fáńpáyà, nìkan ló dá iṣẹ́ náà gbé.

Àbí kí ẹ kúkú ra fíìmù gan-an?

Ibí ni mo dúró sí. Ọ̀pọ̀ àwo Blu-ray (irú tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) àwọn fíìmù yìí ló ti ní ìpolówó nínú, bí èènì. Àwo Dracula ti iléeṣẹ́ Universal (1931), tí Bela Lugosi ṣe, ní ìpolówó, ó sì tún ní ẹ̀dà èdè Sípéènì tí George Melford darí. Òru ni wọ́n ya ìyẹn, lórí pèpéle kan náà, lẹ́yìn tí àwọn ti Lugosi bá ti lọ sílé. Ẹ̀dà Sípéènì gùn tó ìṣẹ́jú 104, ti Lugosi kò ju nǹkan bí 75 lọ. Àwọn kan gbà pé ti Sípéènì dára jù. Tí ẹ bá wo bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe ń rìn, ẹ ò ní bá wọn jiyàn púpọ̀.

Fún Dracula ti Hammer (1958), ẹ ṣọ́ra. Àwo tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013 ní àwọn ìran tí wọ́n rí nínú ríìlì kan ní Japan, pàápàá ibi tí Dracula ti ń fọwọ́ bó awọ ojú ara rẹ̀ bó ṣe ń kú. Ti iléeṣẹ́ Warner Archive tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018 kò ní in.

Blacula (1972) ńkọ́? William Crain ló darí rẹ̀. William Marshall ṣe Mamuwalde, ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ bẹ Dracula lọ́dún 1780 pé kó báwọn dá òwò ẹrú dúró. Dracula bù ú jẹ, ó sì tì í mọ́ inú pósí. Orúkọ fíìmù náà dún bí àwàdà, ṣùgbọ́n ohùn Marshall kò gba ẹ̀rín. Iléeṣẹ́ Scream Factory tẹ̀ ẹ́ sórí Blu-ray pọ̀ mọ́ apá kejì rẹ̀ lọ́dún 2015.

Ìṣòro ibẹ̀ ni kóòdù agbègbè, àmì tí kì í jẹ́ kí àwo agbègbè kan ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ agbègbè mìíràn. Àwo Scream Factory yẹn, A ni. Ẹ̀rọ Blu-ray tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, B ni. Ti DVD tún yàtọ̀: 1 ni Amẹ́ríkà, 2 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni Nàìjíríà. Àǹfààní kan tí DVD-R ní nìyẹn, kì í sábà ní kóòdù kankan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ nǹkan tí á máa yí lára ògiri níbi àríyá, DVD-R ti tó, ìkànnì Internet Archive sì ní ọ̀pọ̀ ìpolówó àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí lóòótọ́, owó àkójọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi kún owó Blu-ray kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ àkójọ, kó ní kí òǹtajà fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti inú ìpolówó Hammer, níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, kó tó sanwó.