Ààbò bàálù ológun: èyí tó ti ń fò àbí èyí tó ṣì wà nínú ìwé?

Alàájì kan tó ń wá kọ́ńtírákítì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń jó wáyà ínfátà lọ́wọ́, ó fa ìwé ìpolówó ẹ̀rọ ààbò bàálù ológun méjì yọ lápò agbádá, ó ní, "Bàbá Ṣójà, èwo ni ká mú?" (Éáfóòsì ni mo ṣe o, kì í ṣe ṣójà, àmọ́ ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.) Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ohun tí mo sọ fún un rèé.

Ìwé àkọ́kọ́, èyí táyé ti ń lò tipẹ́ ni: ẹ̀rọ tó ń ké tí rédà ọ̀tá bá ti rí bàálù ẹ, pẹ̀lú àpótí tó ń tu flare àti chaff. Flare ni iná tó ń tan mísáìlì tó ń tẹ̀lé ooru, chaff ni fọ́nrán tín-ín-rín tó ń da ojú rédà rú, àwọn Bìrìtìkó ti dà á sórí ìlú Hamburg ní Jámánì lóṣù keje 1943. Kátíríìjì 30 ló sábà máa ń wà nínú àpótí kan, tó bá tán lókè, ó tán nìyẹn. Mísáìlì tuntun míì sì ti gbọ́n, iná yẹn ò tàn án mọ́. Àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Èkejì ni jammer tuntun, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò dí rédà ọ̀tá lójú, tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Lórí ìwé kò sóhun tí ò lè ṣe, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń wọlẹ̀. Néfì àti Éáfóòsì Amẹ́ríkà jọ dáwọ́ lé jammer kan tí wọ́n pè ní ASPJ, Éáfóòsì yọwọ́, ó féèlì tẹ́ẹ̀sì ní 1992, wọ́n fagi lé e. Nígbà tí mísáìlì wá já bàálù F-16 wọn bọ́ ní Bosnia ní 1995, inú sítọ̀ ni wọ́n ti lọ kó àwọn tó wà nílẹ̀ jáde, wọ́n fi sára bàálù F/A-18! Ti B-1B, bàálù tí Amẹ́ríkà fi ń ju bọ́ǹbù, ló burú jù lójú tèmi, wọ́n ń ṣe bàálù, wọ́n ń ṣe ààbò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàálù 100 pé ní 1988, ẹ̀rọ ààbò ò tíì ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí. Bí ẹni gbowó aṣọ ẹbí tán tí aláṣọ-òfì ò tíì rí òwú.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ni sọ́fíwíà. Ohùn rédà ni ẹ̀rọ yìí fi ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń mọ ohùn ládàánì àdúgbò wa, tí ọ̀tá bá gbé tuntun dé tó sì jẹ́ ẹni tó tà á nìkan ló lè fi kún un, ẹ ti di atọrọjẹ nìyẹn.

Alpha Jet, bàálù ológun Nàìjíríà wa, tí wọ́n já bọ́ lóṣù keje 2021 lágbègbè Zamfara àti Kaduna ńkọ́? Ìbọn ni. Ọta ìbọn ò ní rédà, kì í tẹ̀lé ooru, ìwé méjèèjì ò lè gbà á sílẹ̀.

Mo ní kó mú àkọ́kọ́, kó fàyè wáyà àti iná mànàmáná sílẹ̀ nínú bàálù fún èkejì, kó má san kọ́bọ̀ lórí ìyẹn àfi tó bá páàsì tẹ́ẹ̀sì lára bàálù tó ń fò, kì í ṣe lórí tábìlì. Ó wò mí títí, ó ní, "Kọmíṣọ̀n tèmi wá ń kọ́?"