Porsche 911 ìran 996: Carrera, Turbo, àbí GT3?

Ẹni tó ń wá Porsche 911 àlòkù tí owó rẹ̀ ò ní gba ẹ̀mí ẹni, ọ̀dọ̀ 996 ló sábà máa ń já sí. Ọdún 1997 ni ìran yìí jáde, òun sì ni 911 àkọ́kọ́ tí omi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ti gbogbo àwọn tó ṣáájú. Iná iwájú rẹ̀ jọ ti Boxster, Porsche mìíràn tí kò wọ́n tó o, ìyẹn sì ń bí àwọn àgbà olólùfẹ́ Porsche nínú títí dòní. Ìbínú wọn ló ń bá yín já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ kan yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ti Carrera ń jẹ́ M96. Títì ni wọ́n ṣe é fún: lítà 3.4, agbára ẹṣin 300. Nígbà tó fi di 2002, ó ti di lítà 3.6 àti 320. Ó dùn ún wà, ó sì rọrùn lára. Àléébù rẹ̀ ni béárìnì kan tó gbé ọ̀pá kan dúró nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní IMS. Bó bá fọ́, èérún irin á wọnú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì lọ nìyẹn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú fílítà ọ́ìlì, kó ya bébà inú rẹ̀ tẹ́ sábẹ́ iná. Bí nǹkan bá ń dán yẹ́ríyẹ́rí níbẹ̀, ẹ kí ẹni tó ń tà á pé ó dàárọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sọ gíá kalẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń pààrọ̀ béárìnì náà. Ẹ béèrè rìsíìtì rẹ̀.

Ti Turbo àti GT3, orí pápá ìdíje ló ti wá. Orúkọ Hans Mezger ni wọ́n fi ń pè é, ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì 917, ọkọ̀ ìdíje tó gba eré wákàtí 24 ti Le Mans nílẹ̀ Faransé fún Porsche nígbà àkọ́kọ́ ní 1970. Ìpìlẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì 911 GT1, ọkọ̀ ìdíje tó gba Le Mans ní 1998. Táńkì ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, kó má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ bá ń fi eré gba kọ́nà. Ní 2003, GT3 RS ti ìdíje gba eré wákàtí 24 ní Daytona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mọ́ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré nìkan lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì Mezger yìí náà ní àléébù tirẹ̀ o. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ àwọn páìpù omi rẹ̀ kan. Bí ooru bá ti mú un pẹ́, ó lè tú, omi á sì dà síwájú táyà ẹ̀yìn lórí eré. Kí wẹ́ẹ̀dà ti jó o pọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sórí pápá.

Turbo ní agbára ẹṣin 420, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà á, ó ní ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ sì lè rí èyí tó ń yí gíá fúnra rẹ̀. GT3 ti 1999 ní 360, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wà á, kò sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọwọ́ yín ni yóò máa yí gíá. Kọ̀ǹpútà GT3 ń kọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ti fi ẹ́ńjìnnì yí kọjá ààlà pa mọ́. Ẹ ní kí wọ́n kà á sétí yín.

Bí owó tèmi ni, Turbo tó ń lo gíá ọwọ́ ni màá mú. GT3 wọ́n jù fún ẹni tí kì í lọ pápá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ béárìnì bá sì ń bà lẹ́rù, kó fowó kún un, kó wá Carrera ti 997, ìran tó tẹ̀lé 996, èyí tó jáde láti àárín ọdún 2008: wọ́n ti yọ IMS kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yẹn pátápátá.