XFS tó ní reflink fún ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí

Ẹni tó bá ní ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní Ọláìyá, Òkè-Fìà tàbí Alékúwodò, tó sì fẹ́ kí sáfà kan ṣoṣo máa gbé Windows mẹ́wàá fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, XFS (ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì nínú Linux) tó ní reflink (ọ̀nà tí fáìlì àti ẹ̀dà rẹ̀ fi ń jọ lo àyè kan náà títí ẹnì kan á fi yí tirẹ̀ padà) ni kó fi sórí dísíìkì tí yóò kó wọn sí. Ìdájọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń bá ni ṣètò sáfà kì í sábà dárúkọ.

XFS fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà SGI ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1993. Reflink ló dé lẹ́yìn: inú Linux 4.9, ní oṣù Kejìlá 2016, ló ti kọ́kọ́ jáde, Darrick Wong ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó di Linux 4.16, ní 2018, kí wọ́n tó yọ àmì ìdánwò kúrò lára rẹ̀. Láti xfsprogs 5.1 (àkójọ irinṣẹ́ XFS) ti 2019 ni mkfs.xfs, àṣẹ tó ń dá XFS sórí dísíìkì, ti ń tàn án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹni tó bá fi Rocky Linux tàbí AlmaLinux, oríṣi Linux méjì, sí sáfà láìyí nǹkan kan padà, XFS ló máa bá níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ṣètò Windows kan dáadáa, ẹ fi Word, Excel àti CorelDRAW sí i, ẹ pa á. Ká ní fáìlì tó dúró fún dísíìkì rẹ̀ jẹ́ 25 GiB, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ipile.img. Àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nìyí:

cp --reflink=always ipile.img ake01.img

Fáìlì mẹ́wàá á jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 25 GiB lójú, síbẹ̀ àyè tó lọ lórí dísíìkì ò ní tó ohun tí èèyàn ń kà. Búlọ́ọ̀kù kan náà, ìyẹn ẹyọ àyè orí dísíìkì, ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹ má yọ always yẹn o. Bí ẹ bá lo auto, tí reflink ò sì ṣeé ṣe, bóyá nítorí pé fáìlì kejì wà lórí dísíìkì mìíràn, cp ò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa da 25 GiB kọ ní tòótọ́. Always á ké "Invalid cross-device link" lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ nǹkan ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé Windows ake01 fẹ́ kọ 4 KiB sí àárín fáìlì rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni XFS máa bi: ṣé ẹlòmíràn ń lo búlọ́ọ̀kù yìí? Inú refcount btree, ìwé tó ń ka iye fáìlì tó ni búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ló ti máa wò ó. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ó kọ ọ́ lé ti àtijọ́ lórí níbẹ̀, ó tán. Bí ó bá jẹ́ ti àjọni, ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ni: ẹnì kan ò lè dá wó ògiri rẹ̀, ṣe ni ó máa lọ kọ́ tirẹ̀ síbòmíràn. XFS á gba àyè tuntun, á fi orúkọ àyè náà sínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CoW fork, á sì kọ dátà síbẹ̀. Ìgbà tí dísíìkì bá dáhùn pé dátà ti wọlé ni XFS máa tó yí ojú fáìlì kúrò lára búlọ́ọ̀kù àtijọ́ sí tuntun, tí á sì yọ ẹnì kan kúrò nínú iye àwọn tó ni ti àtijọ́. Inú log, ìwé tí XFS ń kọ ìyípadà sí kó tó ṣe é, ni ìyípadà yẹn ń gbà kọjá. Bí iná bá lọ kí dísíìkì tó dáhùn, dátà àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà, àyè tuntun tí wọn ò tíì lò á sì padà di òfìfo nígbà tí ẹ bá tún mount, ìyẹn so dísíìkì náà mọ́ Linux.

Ìdí nìyí tí a fi mú un ju Btrfs, ètò fáìlì Linux mìíràn, lọ fún iṣẹ́ yìí. Btrfs kì í béèrè ẹni tó ni búlọ́ọ̀kù kó tó ṣí kúrò níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá tún kọ, ibi tuntun ló ń lọ, àjọni ni o, ti ẹnì kan ni o, àyàfi bí ẹ bá fi chattr +C, àṣẹ tó ń pa ìwà yẹn, sórí fódà kí fáìlì tó wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá sì fi í sí i, ẹ ti pàdánù checksum (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí dátà bá bàjẹ́) tí èèyàn tìtorí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Btrfs. Fáìlì Windows tó ń kọ 4 KiB síhìn-ín sọ́hùn-ún látàárọ̀ dalẹ́ á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Lórí XFS, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni búlọ́ọ̀kù ń ṣí lẹ́yìn reflink. Bó bá ti di tẹni, ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa kọ ọ́ sí.

Ìṣí ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà lè fọ́ fáìlì bí kò bá sí ètò. XFS kì í sì í gba 4 KiB nìkan: búlọ́ọ̀kù 32 ló ń gbà pa pọ̀, ìyẹn 128 KiB. 4 KiB tó nílò ló máa yí ojú sí, ìyókù á dúró de ohun tí wọ́n máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, á dá a padà, fs.xfs.speculative_cow_prealloc_lifetime ló ń darí ìyẹn, 1800 sẹ́kọ́ńdì sì ni wọ́n fi sí i. Lórí háàdì dísíìkì tó ń yí, 128 KiB kéré fún Windows. Ẹ gbé e sí 1 MiB lórí fódà tí ẹ máa kó wọn sí (ká ní /vm ni), kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà kankan síbẹ̀:

xfs_io -c "cowextsize 1m" /vm

Fáìlì tuntun tó bá wọ fódà náà á jogún rẹ̀. Lórí SSD, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí fáìlì ṣe fọ́ tó, filefrag -v ake01.img á tò ó fún yín, á sì kọ shared síwájú ibi tó ṣì jẹ́ àjọni.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń ba ètò yìí jẹ́, inú Windows ni méjì nínú wọn sì wà. Àkọ́kọ́ ni Optimize Drives. Bí Windows bá rò pé háàdì dísíìkì ló wà lábẹ́ òun, á máa kó fáìlì rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo ibi tó bá sì fọwọ́ kàn ló ń di ìkọ tuntun. Àjọni á tú ká láìsí iṣẹ́ kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ẹ pa á nínú ipile.img. Èkejì ni Windows Update: Windows mẹ́wàá á wa fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, reflink ò sì ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Inú ipile.img ni kí ẹ ti ṣe update, kí ẹ wá tún ẹ̀dà ṣe. Owó dátà gan-an á dín kù.

Ẹ̀kẹta ni image Windows XP tí àwọn kan ṣì ń lò nítorí sọ́fútíwià àtijọ́. Sẹ́kítọ̀ 63 ni XP ti ń bẹ̀rẹ̀ ìpín rẹ̀, báìtì 512 sì ni sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan. 63 ní ọ̀nà 512 jẹ́ 32,256, 4,096 kò sì lè pín ìyẹn dọ́gba. Gbogbo 4 KiB tí XP bá kọ ló máa gun búlọ́ọ̀kù méjì, kò sì ní kún ìkankan nínú wọn. XFS á kọ́kọ́ ka ti àtijọ́, á pa á pọ̀ mọ́ tuntun, kó tó kọ méjèèjì jáde. Wọ́n á ní XFS ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ XP ló fà á. Windows 7 sókè kò ní ìṣòro yìí, 1 MiB ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Raw, ìyẹn dátà dísíìkì lásán, ni kí fáìlì náà jẹ́, kì í ṣe qcow2, oríṣi fáìlì dísíìkì ti QEMU. Qcow2 ní ẹ̀dà ṣíṣe tirẹ̀ nínú, kò sí ìdí tí iṣẹ́ kan yóò fi ní ọ̀gá méjì. Nínú QEMU, ètò tó ń gbé àwọn Windows yìí ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ẹ lo cache=none, kí RAM sáfà má máa tọ́jú ohun tí Windows ti tọ́jú tẹ́lẹ̀. Ẹ jìnnà sí cache=unsafe. Ó yá lóòótọ́, ìdí tí àwọn kan fi ń fi í sílẹ̀ nìyẹn, àmọ́ bí Windows bá ní kí dátà wọ dísíìkì, etí ikún ni ó ń kọ sí i.

Ọ̀rọ̀ àyè ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àṣẹ du, tó ń ka ìwọ̀n fáìlì, á sọ pé 275 GiB (ipile.img àti ẹ̀dà mẹ́wàá) ló wà ní fódà tó wà lórí SSD 240 GB. Kò purọ́, àjọni ni kò mọ̀ kà. Àṣẹ df, tó ń fi àyè tó kù lórí dísíìkì hàn, ni kí ẹ máa wò. Ní oṣù Kẹjọ tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, tí ọmọ kíkọ́ pọ̀ sí i, ó rọrùn láti sọ mẹ́wàá di ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tún fáìlì àtijọ́ kọ, tí kò fi kún un rárá, lè jẹ àyè tuntun. Bí dísíìkì bá kún, QEMU á dá Windows náà dúró gbọnrangandan láìjẹ́ pé ó kú. Ẹ pa ẹ̀dà kan tí ẹ ò lò mọ́ rẹ́, ẹ tẹ virsh resume ake01, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún dísíìkì ni a máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ má gbára lé reflink lórí ọ̀rọ̀ iná o. Búlọ́ọ̀kù tó bá ti di tẹni, orí ara rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ lé. Bí iná bá lọ láàárín kíkọ, ó lè jẹ́ ìdajì tuntun, ìdajì àtijọ́. Ínfátà tàbí UPS tó lè gbé sáfà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe fàájì, ó wà lára owó ètò yìí. Bí sáfà bá sì ṣubú báyìí, mount lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí log parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré tẹ xfs_repair -L. Àṣẹ yẹn á nu log dànù, ìyípadà tó wà ní agbede méjì á sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí mount bá kọ̀ pátápátá nìkan ló kàn án.

Reflink kì í sì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ojú kan bá bàjẹ́ lórí dísíìkì ní ibi tó jẹ́ àjọni, ipile.img àti ẹ̀dà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. XFS ní checksum fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kò ní fún dátà yín, nítorí náà kò ní sọ fún yín pé nǹkan ti yí padà. Dísíìkì kejì, tí ẹ ń fà yọ lálẹ́, ni kí ẹ fi Btrfs sí, kí ẹ da ipile.img àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó bá yín ṣètò sáfà, ẹ ní kó tẹ xfs_info /vm níwájú yín. Bí ẹ bá rí reflink=1, ó ti tọ́. Bó bá jẹ́ reflink=0, kò ṣeé tàn lẹ́yìn; àfi kó dátà kúrò, kó fi mkfs.xfs -m reflink=1 tún dísíìkì náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Kó sì fara balẹ̀ pín in dáadáa, torí XFS ń gbòòrò pẹ̀lú xfs_growfs, àmọ́ bó bá ti fẹ̀ tán, ẹ má retí pé ẹ ó fún un kéré.