Wíwo ẹyẹ lásìkò Ojúde Ọba: ìtòsí ilé àbí igbó Omo?

Ẹ ń kó ẹbí bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, ojú yín sì tún ń wá ẹyẹ? Ọ̀nà méjì ló wà.

Ẹ lè jí ní ìdájí, kí àwọn ọmọ tó jí, kẹ́ ẹ wá igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ń gbé nítòsí ilé. Ariwo wọn á júwe ọ̀nà fún yín. Akọ á ya imọ̀ ọ̀pẹ tín-ín-rín, á fi ẹnu hun ún, á wá dorí kodò lábẹ́ ilé tuntun náà, á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá wò ó. Bí kò bá wu abo, akọ á tú u, á tún òmíràn kọ́. (Lándílọ́ọ̀dù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?) Ẹ ó ti padà dé kí wọ́n tó máa wé gèlè.

Èkejì ni igbó Omo, igbó ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ti ka igbó náà mọ́ àwọn igbó pàtàkì láti 1977. Àtíòro ẹlẹ́nu ńlá wà níbẹ̀; ẹ ó gbọ́ ìró apá rẹ̀ lókè igi kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n erin pẹ̀lú wà níbẹ̀, ẹ má wọ ibẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́ igbó. Odindi ọjọ́ kan ló máa gbà, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ni.

Bí ọmọ kékeré bá wà, ẹ̀gà ni mo fara mọ́. Ẹ fi Omo sí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún Iléyá; ọjọ́ kẹta ti Ọba ni.