Àgbéyẹ̀wò: Ọ̀gá mẹkáníìkì tó bá mi tún pẹ́dàlì bíréèkì 4Runner mi ṣe n'Ìkòròdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa jíìpù àtijọ́ lápá Ìkòròdú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi sára 4Runner mi, ti 1994, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6 3.0. Mo ti wa ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí pẹ́dàlì bíréèkì wọn ti ń lọ sísàlẹ̀ gan-an, wọ́n á ní bọ́kọ̀ bá ti dàgbà bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni o. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí wà lápá Ògólóńtò, mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí torí kò ní kí n bá òun polówó, iṣẹ́ tó ṣe gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà nìyí: tí mo bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi á lọ jìnnà kó tó dì í mú, ó wá dà bíi pé pẹ́dàlì bíréèkì ti wà nísàlẹ̀ ju tọ́tù, ìyẹn pẹ́dàlì tá a fi ń sáré, lọ, ẹsẹ̀ mi á sì máa wá a kiri. Ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ máruwá máa ń já síwájú èèyàn lójijì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré rárá.

Mẹkáníìkì kan ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ṣáájú. Onítọ̀hún ò wo táyà kankan, kò wọn nǹkan kan, ó kàn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tú nọ́ọ̀tì ara ọ̀pá tó so pẹ́dàlì mọ́ búsítà, ìyẹn nǹkan tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀ wa tá a bá tẹ bíréèkì, ó yí ọ̀pá náà títí pẹ́dàlì fi ga sókè, ó gbowó ẹ̀, ó ní ó ti parí. Lóòótọ́ pẹ́dàlì ga. Àmọ́ bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ìtòìkín ni mo rí i pé ọkọ̀ ń wúwo, kò fẹ́ sáré, nígbà tí mo fi máa dé Ìmọ́tà òórùn bíréèkì ti gba inú ọkọ̀, rííìmù iwájú méjèèjì gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣe é fi kàn án.

Ọ̀gá Ògólóńtò ló là á yé mi. Inú másítà bíréèkì, ìyẹn ibi tí písítìn ti ń ti fluid (omi bíréèkì) lọ sí táyà, ihò tíńtín kan wà níbẹ̀ tí fluid máa ń gbà padà sínú ike òkè nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Tí ọ̀pá yẹn bá ti gùn jù, ńṣe lá máa ti písítìn másítà síwájú díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, písítìn á bo ihò yẹn, fluid tó bá ti gbóná á fẹ̀, kò sì ní rọ́nà lọ, bíréèkì á wá máa di táyà mú láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń dì í mú ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló tún ń dì í mú sí i. Ìdí tó fi yẹ kí pẹ́dàlì kọ́kọ́ rìn lófìfo díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní free play. Nínú irú Toyota àtijọ́ yìí, ìwọ̀n ẹ̀ máa ń wà láàárín mílímítà 3 sí 6. Tèmi ò ní nǹkan kan rárá nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára ọ̀gá yìí, kò mú sípánà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká kó mátì yìí kúrò ná." Ó kó mátì rọ́bà, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó wá fi téèpù wọn ìgasókè pẹ́dàlì láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an, torí ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti orí mátì tó nípọn ti ṣi ìwọ̀n. Ó dá ọ̀pá padà síbi tó yẹ kó wà, ó wọ̀n ọ́n, ìgasókè ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tinú ìwé ọkọ̀ náà. Ó wá wò mí, ó ní, "Pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ yàtọ̀ sí pẹ́dàlì tó ń lọ sísàlẹ̀ o. Tiyín ń lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ni wàhálà yín wà."

Ẹ̀yìn náà ló wà lóòótọ́. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ nìyí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Hilux tàbí 4Runner ìgbà yẹn. Bíréèkì ẹ̀yìn ẹ̀, dírọ́ọ̀mù ni, háńbíréèkì tẹ́ ẹ bá ń fà ló sì máa ń jẹ́ kí ṣúù, ìyẹn nǹkan inú ẹ̀ tó ń ha dírọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró, máa sún mọ́ dírọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ bó ṣe ń jẹ. Àwa tọ́kọ̀ wa jẹ́ ọ́tò, P la máa ń fi sí tá a bá páàkì, ta ló ń fa háńbíréèkì? Ṣúù á máa jẹ, kò ní sún, ẹsẹ̀ á máa lọ jìnnà sí i. Ti ọkọ̀ mi tiẹ̀ burú jùyẹn lọ torí irin kékeré tí wáyà háńbíréèkì ń fà lẹ́yìn táyà ti dípẹtà, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko ti gan mọ́ ọn, kò mì mọ́. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó fi gíríìsì sí i, ó wá ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tó wà láàárín ṣúù títí ṣúù fi ń ha dírọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan míì, pẹ́dàlì ti gbé sókè! Ó wá tú fluid tó ti dúdú dànù, ó fi fluid tuntun, irú tí wọ́n ń pè ní DOT 3, sí i, ó lé afẹ́fẹ́ jáde, kò sì gbàgbé fálìfù tó wà lápá áàsù ẹ̀yìn, tó ń pín agbára bíréèkì bí ẹrù bá ṣe wúwo sí.

Ìgbà yẹn ló tó padà sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tẹ pẹ́dàlì léraléra kí agbára búsítà tán, ó tú síwíìṣì iná bíréèkì sẹ́yìn torí síwíìṣì yẹn náà ló máa ń dá pẹ́dàlì dúró lókè, ó dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá, ó yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó wá fi ìka kan tẹ pẹ́dàlì láti mọ ibi tí òfìfo ẹ̀ parí sí. Ó di nọ́ọ̀tì, ó dá síwíìṣì padà, ó ní kí n lọ dúró sẹ́yìn kí n máa wo iná. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o, tí wọ́n bá ṣi síwíìṣì yẹn fi, iná ẹ̀yìn á máa tàn ṣáá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn náà ó tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, ó sì tanná sí ẹ́ńjìnnì, pẹ́dàlì wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní búsítà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

A wà á lọ sápá Májídùn, a padà, ó fọwọ́ kan rííìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó gbóná jura lọ.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: èrò pọ̀ jù, mo jókòó pẹ́ gan-an kó tó kàn mí, kò sí ibòji gidi, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì fi aṣọ olóòílì jókòó sórí síìtì mi láìtẹ́ nǹkan, mo sọ fún wọn, wọ́n bẹ̀ mí. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦25,000, èmi ni mo ra fluid. Mo rò pé owó náà tọ́, kódà mi ò bá a dúnàádúrà púpọ̀.

Ní báyìí bíréèkì ń dì í mú lókè, ẹsẹ̀ mi ń ti orí tọ́tù bọ́ sórí ẹ̀ láìwá a kiri, mo sì ń fa háńbíréèkì níbikíbi tí mo bá páàkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ bi mí lọ́nà, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ kùtù láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé ò ṣe é lọ rárá, kẹ́ ẹ sì ra fluid tí wọn ò tíì ṣí lórí dání.